Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Bí Ààrẹ Nàìjíríà Ṣe Ń Fi Àyípadà Tó Dúró Sílẹ̀

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ìjọba tuntun bá wọlé, tàbí tí èyí tó wà lórí oyè bá kéde ètò tuntun. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó. Nàìjíríà ni a ti mú àwọn àpẹẹrẹ, àfi ibi kan tí a ti yà sí orílẹ̀-èdè Benin.

Kí ni a ń pè ní àyípadà tó dúró?

Àyípadà tó dúró ni èyí tí ẹni tó gba ipò lẹ́yìn ààrẹ kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pa rẹ́, kódà bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀. Ìlù tí wọ́n lù fún ètò kan ní ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa bí yóò ṣe pẹ́ tó.

Ẹ wo ohun méjì tí ààrẹ méjì ṣe ní orúkọ Olóyè MKO Abiola. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde nínú ọ̀rọ̀ tó bá ará ìlú sọ pé orúkọ Yunifásítì Èkó ti di Yunifásítì Moshood Abiola. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde sí ojú pópó, inú bí àwọn tó wà nínú ọgbà náà pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn, àwọn amòfin sì rán ìjọba létí pé òfin ló dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́. UNILAG ni gbogbo ayé ṣì ń pè é títí di òní.

Ní ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ni yóò máa jẹ́ Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa dípò ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Nígbà tó di ọdún 2019, àtúnṣe ti bá òfin ọjọ́ ìsinmi, ààrẹ sì ti buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà báyìí gbọ́dọ̀ kó ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin. Ọkùnrin kan náà ni ààrẹ méjèèjì fẹ́ bọlá fún. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni kò dọ́gba.

Agbára wo ni ìwé òfin fún ààrẹ láti yí ètò ìlú padà?

Abala 5 nínú ìwé òfin ọdún 1999 gbé ìṣàkóso ìjọba àpapọ̀ lé ààrẹ lọ́wọ́. Ó lè yan mínísítà àti olórí àjọ, ó sì lè gbé àbá ìṣúná àti àbádòfin lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ṣùgbọ́n kò lè dá ṣòfin. Bí àbádòfin bá dé orí tábìlì rẹ̀, ọjọ́ 30 ni abala 58 fún un láti buwọ́ lù ú tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní ilé méjèèjì lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ìwé òfin fúnra rẹ̀ ló le jù láti tún ṣe. Abala 9 béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé méjèèjì, èyí tó túmọ̀ sí ó kéré tán 73 nínú àwọn aṣòfin àgbà 109 àti 240 nínú àwọn aṣojú-ṣòfin 360. Lẹ́yìn náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àtúntò ilẹ̀ Nàìjíríà, tó máa ń dùn lẹ́nu olóṣèlú nígbà ìpolongo ìbò, fi máa ń gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu tí wọ́n bá ti dé Aso Rock.

Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín àṣẹ ààrẹ àti òfin?

Àṣẹ ààrẹ múlẹ̀ lórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀: mínísítà, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́ ọba. Ó yá, kò ní wàhálà púpọ̀, ààrẹ mìíràn sì lè fagi lé e ní ọ̀sán ọjọ́ tó wọlé. Kò lè fún ààrẹ ní agbára tí ìwé òfin kò fún un.

Àṣẹ Kẹwàá tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 fi èyí hàn kedere. Ohun tó fẹ́ ṣe dára: kí owó àwọn ilé aṣòfin àti ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ má ṣe gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Àwọn gómìnà gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2022 sì ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ààrẹ kò ní agbára láti ṣe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Èrò rere kò lè bo àléébù ọ̀nà mọ́lẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn ètò ayé ológun kan fi kú, tí àwọn mìíràn sì wà títí di òní?

Àwọn tó dàgbà ní ọdún 1984 rántí Ogun sí Ìwà Àìníjàánu, èyí tí a mọ̀ sí WAI. Ṣójà pẹ̀lú kòbókò dúró sí ibùdókọ̀, gbogbo èèyàn sì tò gbọọrọ bí ọmọ iléèwé. Òṣìṣẹ́ ọba tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985 ni wọ́n lé ìjọba ológun Buhari tó gbé e kalẹ̀ lọ, kò sì pẹ́ tí ìlà tí a tò ní ibùdókọ̀ fi tú ká, torí pé ẹ̀rù kòbókò ni ó so ó pọ̀. Ètò ọ̀gbìn Operation Feed the Nation ti ọdún 1976 àti MAMSER, ètò ìlanilóye ará ìlú ti ọdún 1987, náà ti di ìtàn.

Ṣùgbọ́n agúnbánirọ̀ wà síbẹ̀. Ọdún 1973 ni ìjọba Yakubu Gowon dá ètò náà sílẹ̀, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kò sì sí ìjọba kankan tó tíì lè pa á rẹ́. Ó ní òfin tirẹ̀, ó ní owó nínú ìṣúná lọ́dọọdún, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì ni ọ̀gá iṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí ìjọba Ibrahim Babangida dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, náà wà. Òun ló ń ṣe ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀. Ohun tó bá ti wọ inú ohun tí ará ìlú ń lò lójoojúmọ́ báyìí, fífà á tu kì í rọrùn fún ìjọba.

Ṣé ológun wá mọ àyípadà ṣe ju alágbádá lọ ni?

Ìbéèrè yìí máa ń dùn mí, nítorí pé mo mọ ibi tó ti ń wá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Gowon pín ẹkùn mẹ́rin sí ìpínlẹ̀ 12. Wọ́n di 19 ní ọdún 1976, 21 ní ọdún 1987, 30 ní ọdún 1991, àti 36 ní ọdún 1996. Ológun ló ṣe gbogbo rẹ̀. Láti ọdún 1999 tí alágbádá ti gba ìjọba, kò sí ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo tí a fi kún un. Ẹkùn Àárín Ìwọ̀-Oòrùn ti ọdún 1963 nìkan ni a dá sílẹ̀ nílànà òfin, tí àwọn ará ibẹ̀ sì dìbò lé e lórí.

Ṣùgbọ́n kálàmù ológun ń parẹ́ kíákíá bó ṣe ń kọ̀wé kíákíá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1966, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi gbé òfin kẹrìnlélọ́gbọ̀n jáde, ó sì fi í pa àwọn ẹkùn rẹ́. Oṣù Keje ni wọ́n pa á, ní oṣù Kẹsàn-án sì ni Gowon fagi lé òfin náà.

Ohun tí àwọn ológun ṣe tó dúró, ìwé òfin ló gbé e dúró. Àwọn ni wọ́n ṣe ìwé òfin ọdún 1999 kí wọ́n tó lọ, wọ́n kọ orúkọ ìpínlẹ̀ 36 sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi abala 315 dáàbò bo òfin agúnbánirọ̀ àti òfin ilẹ̀, débi pé ẹni tó bá fẹ́ tún wọn ṣe gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà abala 9 kan náà tí à ń gbà tún ìwé òfin ṣe. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní sí níbẹ̀ láti ṣọ́ ọ.

Ipa wo ni owó ń kó nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Àjọ tó gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí ààrẹ kí ó tó jẹun kò lè bá ààrẹ wí. Ìdí nìyí tí mo fi ka àtúnṣe àkọ́kọ́ sí ìwé òfin, ti ọdún 2010, sí pàtàkì gidigidi: ó mú kí owó àjọ elétò ìdìbò INEC máa jáde tààrà láti inú àpò ìjọba àpapọ̀, láìdúró de ojúrere ẹnikẹ́ni nílé-iṣẹ́ ètò ìṣúná.

Àpẹẹrẹ tó fara hàn jù wà nínú ọgbà àwọn iléèwé gíga. Lẹ́yìn àdéhùn tí ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì ASUU bá ìjọba ṣe ní ọdún 1992, òfin jáde ní ọdún 1993 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa san owó orí fún ètò ẹ̀kọ́ láti inú èrè wọn. Òun ni a tún tò ní ọdún 2011 tó di TETFund. Láti ìgbà tí òfin náà ti jáde, olórí ìjọba mẹ́sàn-án ló ti jókòó lórí àga. Ẹ wọ ọgbà yunifásítì ìjọba èyíkéyìí, ẹ ó rí ilé ìkàwé tàbí gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ TETFund gàdàgbà sí lára. Àwọn olùkọ́ ló jà fún un, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ bí ẹyin ojú.

Kí ló dé tí ẹ máa ń tọ́ka sí òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2004?

Nítorí pé ó kó gbogbo ohun tó ń mú àyípadà dúró jọ sí ojú kan. Kí òfin yẹn tó dé, inú ìṣúná ọdọọdún ni owó ìfẹ̀yìntì ti ń wá. Ọdún tí owó epo rọ̀bì bá já, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ló máa ń jẹ ìyà rẹ̀. Àwọn bàbá àti ìyá arúgbó á gbé àpò ọ̀rá tí wọ́n kó ìwé sí dání, wọ́n á jókòó láti àárọ̀ kùtù lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa dúró kí akọ̀wé wá wo ojú wọn láti mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láàyè. Mo ti bá ẹbí mi kan jókòó ní irú ibẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ obìnrin tó wà níwájú wa, ọmọ rẹ̀ ló dáhùn pé ó ti kú ní oṣù tó kọjá.

Òfin tí Ààrẹ Olusegun Obasanjo buwọ́ lù ní ọdún 2004 gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ìṣúná ọdọọdún. Òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ ń dá owó jọ lóṣooṣù sínú àpò tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Ìdá 7.5 nínú 100 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú wá nígbà náà. Láti ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ń mú 8 wá, ọ̀gá ń mú 10. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ìdókòwò owó náà yàtọ̀ sí èyí tó ń pa á mọ́, àjọ PenCom sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì.

Owó yìí ti ju tírílíọ̀nù 20 náírà lọ. Ìjọba tó bá fẹ́ da ètò náà nù yóò ko ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí oníkálùkù wọn lè fi fóònù rẹ̀ wo iye tó wà nínú àpò rẹ̀. Kò pé pérépéré: àwọn ológun jáde nínú rẹ̀ ní ọdún 2011, àwọn ọlọ́pàá ń béèrè láti jáde, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò sì san tiwọn déédéé. Síbẹ̀, èmi kò mọ òfin alágbádá mìíràn tó wọlé dé inú àpò òṣìṣẹ́ tó báyìí.

Bí ààrẹ bá ti dá àjọ sílẹ̀, ṣé ìyẹn kò tó?

Kò tó. Òfin dá EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, sílẹ̀ ní ọdún 2002, wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2004. Ilé náà dúró digbí: nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé òfin tó dá a sílẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ilé ẹjọ́ náà da ẹjọ́ wọn nù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024.

Àwọn alága rẹ̀ ni kò rí ìjókòó fi ìdí lé. Wọ́n ní kí Nuhu Ribadu lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní òpin ọdún 2007, wọ́n yọ Farida Waziri ní ọdún 2011, wọ́n yọ Ibrahim Lamorde ní ọdún 2015. Ibrahim Magu lo ọdún púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí adelé torí pé Ilé Aṣòfin Àgbà kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó ní kó lọ rọ́kún nílé ní ọdún 2020. Abdulrasheed Bawa náà gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ọdún mẹ́rin ni òfin sọ pé alága yóò lò, ṣùgbọ́n òfin kan náà fi agbára ìyọnípò sí ọwọ́ ààrẹ. Obasanjo fi àjọ sílẹ̀. Kò fi àjọ tó lè wo ojú ààrẹ sílẹ̀.

Ṣé àsìkò tí ààrẹ gbé ìgbésẹ̀ ṣe pàtàkì?

Ó ṣe pàtàkì gan-an. Ní ọdún 2001, tí ọjọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba Obasanjo ta ìwé àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká ní mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó wá ní ọdún márùn-ún lé díẹ̀ láti fi òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 gbe NCC, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, lẹ́sẹ̀, kí ó tó lọ. Ẹnikẹ́ni kò tún ronú pé kí a padà sí ayé NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà kò ní ẹ̀rọ tẹlifóònù mílíọ̀nù kan.

Ààrẹ kan náà, ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ìjọba rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, fi owó kún epo bẹntiróò láti 65 sí 75 náírà, ó sọ owó orí ọjà VAT di ìlọ́po méjì láti 5 sí 10 nínú 100, ó sì ta ilé ìfọpo Port Harcourt àti ti Kaduna. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Ààrẹ Umaru Yar'Adua dá VAT padà sí 5, ó mú epo wá sí 70, títa àwọn ilé ìfọpo náà sì forí ṣánpọ́n. Ohun tí a bá ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń wọlé ló ni í.

Kí ló dé tí yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo fi wó ní ọdún 2012, tó sì dúró ní ọdún 2023?

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, àwọn tó lọ ọdún sílé jí, wọ́n bá epo ní nǹkan bíi 141 náírà dípò 65. Wọn kò ní owó ọkọ̀ tí wọn yóò fi padà. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9, Gani Fawehinmi Park ní Ojota kún fọ́fọ́, ní ọjọ́ 16 sì ni ìjọba Jonathan mú un wá sí 97. Kò sí òfin kankan tí ìjọba lè tọ́ka sí, ìpinnu ààrẹ lásán ni.

Ọ̀pọ̀ gbà pé gbólóhùn kan tí Ààrẹ Bola Tinubu sọ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ló pa owó ìrànwọ́ náà. Òtítọ́ ni pé ilẹ̀ ti tẹ́ kó tó sọ ọ́. Òfin epo rọ̀bì tí Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ti sọ pé ọjà ni kó máa pinnu iye owó epo, ìṣúná ọdún 2023 sì pèsè owó ìrànwọ́ títí di oṣù Kẹfà nìkan. Òfin epo rọ̀bì yẹn fúnra rẹ̀ ti wà níwájú àwọn aṣòfin láti ọdún 2008, ní ayé Yar'Adua. Àyípadà tó wọlé ní ìṣẹ́jú kan gba ọdún 15 lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe pé ó lọ geere. Ní ọdún 2024, NNPC, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba, fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ń ru apá kan iye owó epo tó ń wọlé, kí iye tí ará ìlú ń rà á má bàa fò sókè jù. Ìyà tó sì bá ìdílé tálákà kò kéré. Mo ń ṣàlàyé ìdí tí kò fi yí padà ni, n kò ní kí a gbàgbé ẹni tó san owó rẹ̀.

Ṣé ilé ẹjọ́ lè mú àyípadà dúró tàbí kí ó pa á?

Ó lè ṣe méjèèjì. Òun ló gba ICPC, àjọ mìíràn tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, là ní ọdún 2002, nígbà tí ìpínlẹ̀ Òǹdó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ lórí òfin ìgbógunti ìwà ìbàjẹ́. Òun náà ló sọ ní oṣù Kẹta ọdún 2023 pé kí owó náírà àtijọ́ ṣì jẹ́ níná, lẹ́yìn tí ará ìlú ti sùn sí ẹnu ọ̀nà bánkì.

Ọ̀ràn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó ló kọ́ni jù. Gómìnà Bola Tinubu dá ìjọba ìbílẹ̀ 37 tuntun kún 20 tó wà, Ààrẹ Obasanjo sì gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 2004. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ààrẹ kò lágbára láti gbẹ́sẹ̀ lé e, ó sì tún sọ pé àwọn 37 náà kò tíì pé láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ ṣe tirẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ kò ṣe é títí di òní. Síbẹ̀ wọ́n wà, wọ́n ń jẹ́ LCDA, wọ́n ní alága, wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ń gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà, torí pé ìjọba Èkó kò jáwọ́ lára wọn.

Kí ló dé tí àtúnṣe ètò ìdìbò fi ń lọ bí ìgbín?

Nítorí pé ẹni tí ètò náà gbé dé orí àga ni a ń bẹ̀ pé kó tún un ṣe. Yar'Adua ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n: ní ọjọ́ tí wọ́n búra fún un ní ọdún 2007, ó gbà níwájú gbogbo ayé pé àbùkù wà nínú ìdìbò tó gbé òun wọlé. Ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ àgbà tẹ́lẹ̀, Muhammadu Uwais, wọ́n sì jábọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2008. Kókó ìmọ̀ràn wọn ni pé kí yíyan alága INEC kúrò lọ́wọ́ ààrẹ. Ìjọba rẹ̀ kò gba èyí, nígbà tí ó gba púpọ̀ nínú àwọn yòókù.

Lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan ń yọ́ rìn. Owó INEC di tirẹ̀ ní ọdún 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega di alága ní ọdún kan náà, ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ìdìbò dé ní ọdún 2015. Buhari kọ àbádòfin ìdìbò sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó buwọ́ lu èyí tó di òfin ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022. Ẹni tó dìbò ní ọdún 2023 rántí bí ọmọ agúnbánirọ̀ ṣe gbé ẹ̀rọ BVAS tó ń dá ojú olùdìbò mọ̀ sún mọ́ ojú rẹ̀, tó ní kó ṣí fìlà tàbí kó sún gèlè sẹ́yìn. Ìyẹn dín dídìbò lórúkọ òkú kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì ìdìbò ààrẹ kò gòkè sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí INEC ti ṣèlérí, ilé ẹjọ́ sọ pé ìyẹn kò ba èsì jẹ́.

Ààrẹ ló ṣì ń mú orúkọ alága INEC wá. Lójú tèmi, ààrẹ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé agbára yẹn sílẹ̀ yóò ti ṣe ju ẹni tó kọ́ afárá mẹ́wàá lọ.

Ṣé gbogbo ohun tó dúró ló dára?

Rárá. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978, tí Obasanjo ṣe nígbà tó jẹ́ ológun, fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ gómìnà. Ó fẹ́ mú ilẹ̀ rọrùn láti rí. Ẹ bi ẹni tó ra ilẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú bó ti rí fún un: ó san owó fún ọmọ onílẹ̀, ó san fún awọnlẹ̀, ó wá ń dúró de C of O, ìwé àṣẹ orí ilẹ̀ tí gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, fún ọdún gbọọrọ. Yar'Adua gbìyànjú láti tún un ṣe, kò já mọ́ nǹkan kan, torí pé abala 315 ti kọ́ odi yí i ká. Bí a ṣe lè fi òfin dáàbò bo ohun rere, bẹ́ẹ̀ náà la lè fi ti àṣìṣe mọ́lé pẹ̀lú ará ìlú nínú.

Ǹjẹ́ ààrẹ lè fi ohun tó dúró sílẹ̀ láìsí òfin tuntun kankan?

Bẹ́ẹ̀ ni, nípa ohun tó kọ̀ láti ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2015, wọn kò tíì ka ìbò tán nígbà tí Jonathan pe Buhari lórí fóònù láti kí i kú oríire. Kò sí òfin tó sọ pé kó pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ààrẹ tó wà lórí oyè ní Nàìjíríà yóò pàdánù ìdìbò, tí yóò sì lọ sílé.

Ní Benin, níbi tí àwọn ará wa ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń gbé, Mathieu Kérékou, ẹni tó fipá gbàjọba ní ọdún 1972, gba ìpinnu àpérò gbogbogbòò ti ọdún 1990. Ó fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún 1991, ó wọlé padà ní ọdún 1996, ó sì lọ ní ọdún 2006 nígbà tí sáà rẹ̀ pé, láìfọwọ́ kan ìwé òfin. Ọdún 2006 yẹn kan náà ni Ilé Aṣòfin Àgbà tiwa, ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, da àbá tí ìbá ṣí ọ̀nà sáà kẹta fún Obasanjo nù. Láti ìgbà náà, kò sí ààrẹ Nàìjíríà tó tún dán an wò.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá àyípadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò pẹ́?

Ẹ wo ibi tí owó ń gbà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ìjọba Tinubu pè, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà láìgba ọwọ́ gómìnà. Àwọn èèyàn jó, àwọn oníròyìn pè é ní òmìnira. Oṣù púpọ̀ kọjá lẹ́yìn náà tí owó ṣì ń gba ọ̀nà tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín ní ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bánkì wo ni owó oṣù yìí wọlé sí, ta ló fọwọ́ sí ìwé ìgbowó, àti bóyá alága lè tún òrùlé ilé ìwòsàn alábọ́dé ṣe láìkọ́kọ́ gba ọ̀nà ilé gómìnà.